Kí Ẹ Tó Gbé Ògbólógbòó Mazda Lọ sí Pápá Ìsáré

Lẹ́tà tí àwọn òbí ń kọ sí ìpín yìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Ọmọ ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó ti ríṣẹ́, ó ti ra mọ́tò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jáde lọ sí òpópónà márosẹ̀, wọn a sì máa fi eré dá ara wọn lára yá. Ìyá kò ní lè sùn títí yóò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì níwájú ilé. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí a ṣe ni pé kí a kọ ọ̀rọ̀ ìbáwí tí wọn yóò fi han ọmọ náà. Ìbáwí ti pọ̀ tó nínú ilé, a kò ní fi kún un. Ọ̀nà mìíràn ni a fẹ́ tọ́ka sí lọ́sẹ̀ yìí. Owó rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í lé ènìyàn nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú òfin, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sáré kọjá òdiwọ̀n, tí wọn kò sì kàn ní kó lọ gba ẹ̀kọ́, yóò gba àmì ìjìyà mẹ́ta, ó kéré tán, sórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Òfin ọdún 1995 lórí àwọn awakọ̀ tuntun wá sọ pé bí àmì bá pé mẹ́fà lórí ìwé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò, ìwé náà ti bọ́ nìyẹn. Yóò padà di akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì tún ìdánwò ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kó fi sáré. Òfin ọdún 2002 sì fún ọlọ́pàá ní àṣẹ láti gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á ní ìwàkuwà tó ń da ará àdúgbò láàmú. Kí a má tíì sọ̀rọ̀ ti ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ní tirẹ̀, tí kò mọ̀ pé àwọn kan ń du ipò kìíní lójú ọ̀nà tí òun ń gbà lọ sílé.

Ibì kan wà tí a ti lè tẹ ẹ́ńjìnnì dópin láìṣẹ̀ sófin, ibẹ̀ náà ni pápá ìsáré. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ìdíje, àwọn alákòóso a máa gba ẹnikẹ́ni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tó sanwó, tí mọ́tò rẹ̀ sì yẹ, láti wá fi í yí pápá náà ká. Wọn kì í ka àkókò ìyípo ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í fi ife ẹ̀yẹ dá ẹnikẹ́ni lọ́lá. Òyìnbó ń pè é ní track day. Àwa yóò máa pè é ní ọjọ́ pápá. Fún àwọn ará wa ní Peckham, Thamesmead àti Dartford, Brands Hatch kò jìnnà. Kent ni ó wà, nǹkan bí 20 máìlì sí àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá Formula 1 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbígbà-fún-ra pẹ̀lú Silverstone títí di ọdún 1986. Silverstone fúnra rẹ̀, Snetterton, Thruxton àti Castle Combe, pápá ọkọ̀ òfurufú ológun ni gbogbo wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wọn fi tẹ́jú, tí àyè sì fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lójú tèmi, Snetterton dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ju Brands Hatch lọ. Kọ́nà àkọ́kọ́ ní Brands Hatch, èyí tí wọ́n ń pè ní Paddock Hill, ṣàdédé ń rọ́ lọ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Olúmọ, awakọ̀ kò sì ní rí ibi tó ń lọ títí yóò fi débẹ̀.

Mọ́tò wo ni kí á wá gbé lọ? Èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde ṣáájú ni Mazda MX-5. Alájókòó méjì ni, òrùlé aṣọ rẹ̀ ṣe é ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni agbára rẹ̀ sì ń lọ. Ní ọdún 1979, akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bob Hall, sọ fún Kenichi Yamamoto, ọ̀gá kan láàrin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Mazda, pé ó yẹ kí wọ́n ṣe irú mọ́tò kékeré aláìlórùlé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láyé àtijọ́. Ó di oṣù kejì ọdún 1989 kí ayé tó rí i ní ìpàtẹ mọ́tò ìlú Chicago. Àwọn ará Hiroshima mú ohun tó dùn nínú mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ọ́ìlì tí ń jò àti iná tí kì í tàn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, èyí tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan. Àlòkù rẹ̀ wá pọ̀ káàkiri, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí mẹkáníìkì kan ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ̀ ọ́n.

Èyí àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6 ní nǹkan bí agbára ẹṣin 115. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ẹ̀yin òbí ń gbé lọ sóde àríyá ló ní agbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀wọ̀n tó tọ́ọ̀nù kan, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba láàrin iwájú àti ẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe é ní ọ̀rọ̀ kan lédè Japan, jinba ittai, tó túmọ̀ sí pé ẹṣin àti ẹni tó gùn ún ti di ara kan. Ẹni tó bá ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin ní Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mọ́tò tó lágbára púpọ̀ a máa bo àṣìṣe awakọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ó lè fi ẹ́ńjìnnì gba ohun tó sọnù ní kọ́nà padà. Èyí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà bá wọ kọ́nà lọ́nà tí kò tọ́, ojú ẹsẹ̀ ni mọ́tò yóò sọ fún un, yóò sì ti sọ ọ́ nígbà tí eré rẹ̀ kò tíì pọ̀ jù.

Ní báyìí, èyí tó dúró dáadáa lára ti ọdún 1998 sí 2005 ṣì ṣe é rí ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn mélòó kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dààmú ènìyàn. Irin ara rẹ̀ ni ọ̀tá. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni ìjọba ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín má baà dì, iyọ̀ yìí a sì máa jẹ irin láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó méjèèjì ni ihò tí omi òjò ń gbà kúrò lára òrùlé wà. Bí ewé bá dí i, omi a dúró sínú irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú síta. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi iná wo irin náà, pàápàá ibi tó ti fẹ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lára ti ọdún 1998 sí 2005, ẹ tún wo irin gbọọrọ méjì tó gbé iwájú ọkọ̀ ró, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà rẹ̀ ti ń burú jù, ọ̀dà tuntun sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sí ojú òpó ìjọba tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún sí, èyí tí wọ́n ń pè ní MOT. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ọdún mẹ́ta léra bá mẹ́nu ba ìpẹtà, ẹ máa bá tiyín lọ, kódà bí ọkọ̀ náà bá ń dán bí awẹ́ obì. Ẹ béèrè pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn, nítorí nǹkan bí 60,000 máìlì ni òdiwọ̀n rẹ̀.

Ìgbà tí mọ́tò bá ti wọlé ni àríyànjiyàn ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wu ọmọ láti rà ni sàléńsà tó ń bú bíi kìnnìún, lẹ́yìn náà rímù ńlá, lẹ́yìn náà ohun tí yóò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Mo lòdì sí gbogbo rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ lọ síbi wíwá agbára kún agbára títí bíréèkì, táyà, ìjókòó àti awakọ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Èmi kò tíì rí ẹni tó kábàámọ̀ pé òun fi bíréèkì ṣáájú. Sàléńsà olóhùn gbọọrọ náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí òdiwọ̀n ariwo wà ní pápá. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, bí mọ́tò bá kọjá nǹkan bí désíbẹ́ẹ̀lì 105 níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní wọlé, owó tí ẹ san sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bíréèkì. Bíréèkì kì í pa eré rẹ́. Ńṣe ló ń sọ eré di ooru. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. MX-5 kan tó ń sá ní 100 máìlì ní wákàtí kan, tí awakọ̀ wà nínú rẹ̀, tó wá dúró pátápátá, ooru tó jáde lára rẹ̀ tó láti sọ nǹkan bíi lítà mẹ́ta omi tútù di híhó. Inú irin mẹ́rin pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn rímù ni gbogbo ooru yìí ń wọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ní òpópónà, ó lè pé ọdún kan kí ẹ tó ṣe irú rẹ̀. Ní pápá, ohun tó sún mọ́ ọn ni ẹ óò máa ṣe ní ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Ọ́ìlì bíréèkì ni ewu náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àtúnṣe ti pọ́ọ́kú jù. Ọ́ìlì yìí a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí ó ti ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára kò gbọdọ̀ hó kó tó dé digírì 230 nígbà tó wà ní tuntun. Nígbà tó bá ti fa omi mu, òdiwọ̀n tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 155 lọ. Bí ó bá hó nínú ọpọ́n rẹ̀, ó di oruku, oruku sì ṣe é fún pọ̀. Awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lọ kan ilẹ̀, mọ́tò kò sì ní dúró. Kò sí ìkìlọ̀ púpọ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ní ìparí ọ̀nà tó gùn jù, níbi tí eré ti pọ̀ jù. Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ ọjọ́ pápá tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ jáde, kí wọ́n sì da tuntun sí i. DOT 4 tó dára tàbí DOT 5.1 yóò ṣe é. Ẹ ṣọ́ra fún DOT 5 tí kò ní ẹyọ kan lẹ́yìn, nítorí sílíkónì ni ìyẹn, kò bá àwọn yòókù rẹ́. Iye owó tí iṣẹ́ yìí yóò gbà kò tó èyí tí ènìyàn mẹ́rin yóò fi jẹun ní ilé oúnjẹ. Lójú tèmi, kò sí ohun mìíràn tí ẹ óò rà tó gba ẹ̀mí là tó o.

Páàdì ni ó tẹ̀lé e. Páàdì tí ilé iṣẹ́ fi sí mọ́tò, ti ojú títì ni. Bí ó bá gbóná jù, yóò máa rú èéfín, kò sì ní di ọkọ̀ mú mọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ìdíje nìkan, tí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí wọ́n bá gbóná, tí wọ́n sì ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta ní òwúrọ̀ tútù. Ẹni tí yóò fi mọ́tò kan náà lọ, tí yóò sì fi í bọ̀, èyí tó wà láàrin méjèèjì ni kó rà. Kò nílò díìsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí mọ́tò fúyẹ́.

Lórí táyà, ọjọ́ orí ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára gbogbo táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bí àpẹẹrẹ 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó le koko bí awọ gbẹdu, bí ojú rẹ̀ ṣe ń wò tuntun tó kò ní fi dúró ní kọ́nà. Táyà títì tó dára tó fún ọdún àkọ́kọ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù a máa mú kí akẹ́kọ̀ọ́ sáré kọjá ìmọ̀ rẹ̀, nígbà tó bá sì já lulẹ̀ lójijì, yóò ti pẹ́ jù.

Ó wá ku orí awakọ̀. Mọ́tò aláìlórùlé ni, bí ó bá dojú dé, férémù gíláàsì iwájú nìkan kò ṣe é gbára lé. Ọ̀pá irin ààbò tí wọ́n ń dè mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́yìn ìjókòó ni ó ń gba orí là, ọ̀pọ̀ alákòóso ọjọ́ pápá sì ní òfin tiwọn lórí rẹ̀, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wọ akoto, kó jókòó, kí ẹ wá na igi gbálẹ̀ gígùn kan láti orí ọ̀pá náà wá sí orí férémù iwájú. Akoto gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ igi náà. Bí ó bá ga jù ú lọ, ọ̀pá yẹn kò wúlò fún un. Àwọn ọmọ wa tó ga máa ń ní ìṣòro yìí nínú MX-5, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń gé lára fóòmù ìjókòó kí wọ́n lè lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbí tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Ọ̀pá irin tó wà nítòsí orí léwu ní ojú títì, nítorí kò sí akoto lórí ẹni tó ń lọ ra ẹran lọ́jà. Bí ẹnì kan bá kọlu mọ́tò náà láti ẹ̀yìn, orí lè lọ gbá irin. Ẹ fi fóòmù líle tí wọ́n ṣe fún un bò ó dáadáa, kì í ṣe èyí tó rọ̀ bí tìmùtìmù. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n so bẹ́líìtì olókùn mẹ́rin mọ́ ìjókòó àtìlẹ̀wá nínú mọ́tò tí kò ní ọ̀pá irin. Bẹ́líìtì ojú títì gba ara láàyè láti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí dè é mọ́ ibi tí òrùlé yóò ti tẹ̀ ẹ́. Yálà kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ pé, tàbí kí ẹ fi bẹ́líìtì tí ilé iṣẹ́ fi sí i sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kò béèrè púpọ̀. Ọ́ìlì tuntun, kó dé ojú àmì òkè, nítorí ó ń ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mọ́tò bá ń yí kọ́nà pẹ̀lú eré. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo orí rédíétọ̀. Oníke ni, dúdú ni ó jẹ́ ní tuntun; bí ó bá ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ó ti fẹ́ là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tàbí ẹ̀yin ìyàwó ilé yóò béèrè ọ̀rọ̀ owó, ó sì tọ́ kí ẹ béèrè. Owó ọjọ́ pápá kan sábà máa ń lọ sí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan. Ẹ fi epo, páàdì àti táyà tí yóò jẹ kún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sábà dá sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pápá. Ìwé ọ̀tọ̀ wà tí a lè rà fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n owó tí ẹni tó ni mọ́tò yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ san ṣáájú lórí rẹ̀ máa ń ga. Ní pápá, oníkálukú ló sábà máa ń gbé ẹrù ara rẹ̀, ẹni tó bá sì ba ògiri ààbò jẹ́ lè rí ìwé owó gbà. Òfin tí àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ènìyàn má gbé mọ́tò tí kò lè fẹsẹ̀ rìn délé láìsí i lọ sí pápá. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò pọ́ọ́kú fi dára. Ti ojú títì náà ń kọ́? Gbogbo ohun tí ẹ bá pààrọ̀ lára mọ́tò ni kí ẹ sọ fún adójútòfò yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò wọn. Ọkọ̀ alájókòó méjì kò sì lè rọ́pò ọkọ̀ ilé. Ọkùnrin oníyàwó tó ní ọmọ méjì, tó wá ta mọ́tò ilé láti ra èyí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá ìpín yìí.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ìdájí ni kí ẹ ti dé. Wọn yóò wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọn yóò wọn ariwo mọ́tò, gbogbo awakọ̀ yóò sì jókòó gba ìlàlóye tó jẹ́ dandan. Ẹ kó gbogbo ohun tó lè fò kúrò nínú mọ́tò: agboòrùn, ìgò omi, táyà àfirọ́pò, bàtà mọ́ṣáláṣí tàbí Bíbélì tó wà ní ìdí ìjókòó. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn. Ìyípo àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwòran, kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọjá ẹlòmíràn àfi ní ibi tí wọ́n bá sọ, ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá sọ, nígbà tí ẹni iwájú bá sì fún un láyè. Àsíá òféèfèé túmọ̀ sí pé ẹni tó yára jù yín lọ wà lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó lọ. Tìyẹ́, ewu wà níwájú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni. Pupa, gbogbo yín ẹ dín eré kù, kí ẹ sì padà wọlé. Bí wọ́n bá fi dúdú hàn yín, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè, ẹ wá gbọ́.

Ẹ gba olùkọ́. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ pápá ni wọ́n wà, wọn yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ lè dà bí ìlòdì lójú ọ̀dọ́ tó rò pé òun mọ eré sá: ẹ gbé ojú sókè, ẹ wo ibi tí ẹ ń lọ kì í ṣe imú ọkọ̀, ẹ ṣe gbogbo bíréèkì yín nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró gbọọrọ, ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ yí sítíárìn, ẹ má tẹ epo títí ẹ óò fi rí òpin kọ́nà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tó bá ti gbọ́ èyí lẹ́nu àjèjì tó jókòó tì í ní 90 máìlì yóò gbà á ju bí ó ti gbà á lẹ́nu bàbá rẹ̀ lọ. Òbí tó bá fẹ́ rí i lójú ara rẹ̀ náà lè wọ akoto kó wọ ọkọ̀ lẹ́yìn tí olùkọ́ bá sọ̀ kalẹ̀, bí àwọn alákòóso bá fàyè gba èrò.

Ìyípo mélòó kan ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, nítorí ara awakọ̀ a máa rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Ìyípo tó kẹ́yìn, kó máa rọra lọ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tu díìsì lára. Bí ó bá páàkì, kó fi ọkọ̀ sínú jíà, kó má ṣe fa bíréèkì ọwọ́, torí páàdì tó gbóná lè lẹ̀ mọ́ díìsì. Kó wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà lójú ẹsẹ̀. Ooru ti mú kó ga, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń tú díẹ̀ jáde kí táyà lè di ilẹ̀ mú dáadáa.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n tú jáde yìí ni kí ẹ rántí ní ìrọ̀lẹ́. Táyà tó tọ́ nígbà tó gbóná yóò ti rọ̀ jù nígbà tó bá tutù, ọ̀nà A20 tó kọjá níwájú Brands Hatch kì í sì í ṣe pápá. Ẹ mú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré dání, ẹ dá a padà sí òdiwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ tún fi sípánà olódiwọ̀n yẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lẹ́yìn tí rímù bá ti tutù, kí ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń rí ibi dúró lé. Lẹ́yìn náà, kí awakọ̀ jókòó fún ìdajì wákàtí, kó mu tíì, kó jẹun. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ sáré ní 100 máìlì, 70 yóò dà bí ẹni pé ọkọ̀ dúró lójú kan fún un, ojú rẹ̀ kò sì tíì bọ́ sípò. Bí ẹnì kejì bá wà tó ní ìwé àṣẹ, tí ìwé adójútòfò sì dárúkọ rẹ̀, òun ni kó wa ọkọ̀ lọ sílé.